Ìwọ Nìkan Kọ́ Ni Yóò Padà Síbẹ̀: Awò VR àti Ìtọ́jú Ìpayà Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun tí ẹ jókòó. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé awò VR, awò tó ń fi ayé tí kọ̀ǹpútà yà yí èèyàn ká, lé mi lójú. Yàrá lásán ni mo wà. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, àga mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ náà hàn mí dúró lápá òsì mi, mo sì ń gbóhùn rẹ̀ ketekete. Ó ní kí n rìn lórí pákó tóóró kan tí wọ́n nà láti orí ilé gíga bọ́ sí òfuurufú. Mo mọ̀ dájú pé kò sí pákó, kò sì sí ilé gíga. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Kápẹ́ẹ̀tì ni mo dúró lé." Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Orúnkún mi ń gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn, ọwọ́ mi ń wá ohun tí yóò dì mú. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kí n tó lè sún ẹsẹ̀ kan síwájú.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Orí mi mọ òótọ́, ara mi kò gbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún ẹni tí ìpayà dè mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú. Bí o bá sọ fún un pé ogun ti parí, yóò ní òun mọ̀. Bí o bá sọ fún un pé ọkọ̀ tó gbá a ti di irin àlòkù, yóò ní òun mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kùn bá gbá gbàà, ó ti bẹ́ sílẹ̀ kó tó ráyè ronú. Ìmọ̀ràn àti ìtùnú kì í sábà dé ibi tí ẹ̀rù yẹn fara pamọ́ sí. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni bí àwọn oníṣègùn ṣe rí i pé ọ̀nà tí awò yẹn gbà mú orúnkún mi gbọ̀n, ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè gbà wọlé tọ ẹ̀rù ọ̀hún lọ.

Ìpayà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, tó ń lá àlá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ ni. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, nǹkan bí èèyàn 70 nínú 100 ni yóò rí ìṣẹ̀lẹ̀ tó lè da ọkàn rú nígbà ayé wọn, ṣùgbọ́n ìdá 3.9 nínú 100 àwọn èèyàn ayé ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní PTSD ti ṣe rí. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wa, ọkàn wa á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí tiwọn kò rọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní kàn. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń padà wá bá wọn tọ̀sán-tòru, kì í ṣe bí ìrántí àtijọ́, bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni. Wọn kì í sùn dáadáa, ojú wọn ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, inú tètè ń bí wọn. Wọn kò rí adùn nínú ohun tí wọ́n fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń dá ara wọn lẹ́bi. Wọ́n tún ń sá fún gbogbo ohun tó bá lè rán wọn létí. Bí èyí bá kọjá oṣù kan, tó sì ń da iṣẹ́ àti ilé wọn rú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ṣe ọkàn gírí" mọ́. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ àìsàn yìí sínú ìwé ńlá wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ojo ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ sójà tó ń jìyà rẹ̀.

Nínú gbogbo àmì tí mo kà yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti sísá fún nǹkan, torí òun ni àìsàn yìí ń jẹ tó fi ń dàgbà. Ká mú awakọ̀ kan tí orí kó yọ nínú ìjàǹbá lórí afárá. Oṣù àkọ́kọ́, kò gba orí afárá yẹn mọ́. Ta ni yóò bá a wí? Lẹ́yìn náà, kò gba afárá kankan. Nígbà tó yá, kò wakọ̀ lálẹ́, nígbà tó tún yá, kò wakọ̀ mọ́ rárá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń jókòó sí, ó ń di ojú. Bí ìró bíréèkì bá dún nínú tẹlifíṣọ̀n, á dìde jáde. Ọ̀rẹ́ tó bá bi í léèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kò ní lọ sílé ọ̀rẹ́ náà mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá sá ni ara ń tù ú, ìtura yẹn sì ni owó ọ̀yà tó ń san fún ẹ̀rù kó má bàa kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹni tó ń sá fún ekòló kò ní ráyè wò ó dáadáa débi tí yóò fi mọ̀ pé ekòló ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́jú tí ẹ̀rí wọn lágbára jù lọ fún àìsàn yìí kò ní ẹ̀rọ kankan nínú. Obìnrin onímọ̀ nípa ọkàn kan, Edna Foa, ní Yunifásítì Pennsylvania, ló ṣe aṣáájú nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń tọ́jú yóò di ojú, yóò sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: mo ń rí báyìí, mo ń gbọ́ báyìí. Bó bá parí, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó lè máa gbọ́ ọ nílé. Wọ́n á sì máa rán an lọ díẹ̀díẹ̀ sí àwọn ibi tí kò léwu tó ti ń sá fún. Nǹkan bí ìjókòó 8 sí 15 ló sábà máa ń gbà, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó le. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní á rò pé ìkà ni.

Kì í ṣe ìkà. Foa àti Michael Kozak ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1986 pé ìrántí tí ẹ̀rù wé mọ́ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kí ohun tuntun tó lè wọ inú rẹ̀. Àpótí tó bá wà ní títì, kò sẹ́ni tó lè fi nǹkan kún un. Bí ẹni náà bá wà pẹ̀lú ìrántí yẹn pẹ́ tó, tí kò sá, tí ohun burúkú kankan kò sì ṣẹlẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun: ìrántí kì í pani. Ìwádìí lórí ẹranko àti èèyàn láti ìgbà Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó fi ajá ṣe ìwádìí nípa bí ara ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́, fi hàn pé ẹ̀kọ́ tuntun yìí kì í pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi lè yọjú padà níbi tí èèyàn kò retí, tó sì fi yẹ ká ṣe ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀pọ̀ ibi àti lọ́pọ̀ ọ̀nà.

Ibi tí ìṣòro wà rèé. Àìsàn tó jẹ́ pé sísá ni gbogbo rẹ̀, a wá ń sọ fún ẹni tó ń ṣe pé kó di ojú, kó má sá. Àwọn kan kò lè ṣe é. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe olóríkunkun. Wọ́n á sọ ìtàn náà fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò, ohùn wọn kò yí padà, ojú wọn kò pọ́n. Ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀ kí ẹnu wọn tó débẹ̀. Wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n àpótí kò ṣí. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ọdún 1968 ni Ivan Sutherland, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ti gbé ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ jáde, ó wúwo débi pé láti òkè àjà ni wọ́n ti so ó rọ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yí padà púpọ̀: àwòrán méjì tó yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, kí ọpọlọ lè rò pé ibi tí òun ń wò jìn, pẹ̀lú ohun tó ń ṣọ́ bí orí ṣe ń yí, kí ayé inú awò lè yí bá a. Bí ayé náà bá fi ìwọ̀n díẹ̀ péré pẹ́ lẹ́yìn orí, èébì á máa gbé èèyàn. Bí wọ́n bá bára dọ́gba, ara á gbà pé òun wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù ibi gíga ni wọ́n fi kọ́kọ́ dán an wò. Lọ́dún 1995, Barbara Rothbaum tó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn, Larry Hodges tó jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Atlanta tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n gbé àwọn tí ibi gíga ń bà lẹ́rù wọ inú afárá àti lífítì onígíláàsì tí kọ̀ǹpútà yà, ẹ̀rù wọn sì dín kù. Ẹ wo bí àwòrán ìgbà yẹn ti rí, ẹ má gbàgbé. Àwọ̀ pẹlẹbẹ, igun ṣóṣóró, géèmù ọmọdé òde òní dára jù ú lọ fíìfíì. Síbẹ̀ ara gbà á.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọjú sí àwọn tó jagun Vietnam. Ogun yẹn ti parí fún ogún ọdún ó lé, àmọ́ àwọn ọkùnrin kan ṣì ń jà á lóru. Ọdún 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ibi méjì péré ni wọ́n yà: inú hẹlikọ́pítà tó ń fò lórí igbó àti oko ìrẹsì, àti gbangba kan láàárín igbó kìjikìji. Àga tí ọkùnrin náà jókòó lé ní ẹ̀rọ agbóhùnjáde lábẹ́, tí yóò máa gbọ̀n bí hẹlikọ́pítà bá gbéra. Ó tán. Kò sí ìtàn nínú rẹ̀, kò sí ọ̀tá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn ìtọ́jú yìí wá ni pé àwọn kan nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ń sọ ohun tí wọ́n ń rí láàárín igi, wọ́n ń nàka sí ọ̀tá tí kò sí ẹni tó yà á síbẹ̀. Igi àti ariwo ni kọ̀ǹpútà gbé wá, ìyókù ti inú wọn jáde. Àpótí ti ṣí. Nígbà tí ìwádìí náà jáde lọ́dún 2001, àwọn 8 tí wọ́n tún rí bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oṣù 6, ara gbogbo wọn ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ kéré jù jẹ́ ìdá 15 nínú 100, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù jẹ́ 67. Èèyàn díẹ̀ ni, kò sì sí àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìrora ogún ọdún ó lé ni wọ́n gbé wá.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn ilé gogoro méjì wó ní New York. JoAnn Difede, onímọ̀ nípa ọkàn ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan níbẹ̀, ń tọ́jú obìnrin ẹni ọdún 26 kan tó là á já. Wọ́n ti ní kó di ojú kó sọ ìtàn rẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́. Difede bá kàn sí Hunter Hoffman ní Yunifásítì Washington, wọ́n sì jọ kọ́ ayé kan fún un. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe tò ó. Ní àkọ́kọ́, ọkọ̀ òfuurufú kan fò kọjá lórí ilé náà, kò kàn án, ìró ìgboro lásán ni obìnrin náà ń gbọ́. Ìyẹn nìkan, títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kan ilé, ṣùgbọ́n kò sí ìró ìbúgbàù. Lẹ́yìn náà, iná àti ìró. Lẹ́yìn náà, igbe àwọn èèyàn. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni ilé wó, tí eruku sì bolẹ̀. Wọn kò gbé e sáré. Ìjókòó 6, wákàtí kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, àmì PTSD rẹ̀ ti fi ìdá 90 nínú 100 dín kù, ìbànújẹ́ ọkàn rẹ̀ sì fi 83. Ẹnì kan ṣoṣo ni, mo mọ̀, a kò lè fi ẹnì kan ṣòfin. Àmọ́ ẹni tí ọ̀nà kan ti sú, tí ọ̀nà mìíràn sì là fún, kì í ṣe nǹkan kékeré lójú mi.

Èyí tí wọ́n mọ̀ jù lónìí ni ti Albert Rizzo, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Skip, ní Yunifásítì Southern California. Ara géèmù ológun kan ni wọ́n ti fa àwòrán àkọ́kọ́ yọ, wọ́n sọ ọ́ di ìgboro àti aṣálẹ̀ Ìráàkì, lẹ́yìn náà Afghanistan. BRAVEMIND ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú yàrá ìtọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ẹnìkan pàtó, bí ìjókòó kan ṣe sábà máa ń lọ ni mo fẹ́ kí ẹ rí.

Ìjókòó àkọ́kọ́ kò ní awò nínú. Wọ́n kàn sọ̀rọ̀ ni: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ń sá fún, báwo ni ó ṣe lè máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n kọ́ ọ láti máa fi nọ́ńbà sọ ìwọ̀n ìpayà rẹ̀, láti 0 dé 100. Nígbà tí awò bá wọ ojú rẹ̀, ó ti mọ olùtọ́jú rẹ̀, ó ti mọ̀ pé òun lè sọ pé "ó tó" nígbàkigbà. Pèpéle kékeré tó dúró lé ń gbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó di nǹkan tó dà bí ìbọn mú, nítorí pé ọwọ́ sójà kì í ṣófo lójú ogun, ṣùgbọ́n kò ní fi yìn ẹnikẹ́ni. Eré kọ́ ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń tú òórùn jáde: rọ́bà tó ń jóná, dísù, ẹ̀tù ìbọn, ààtàn, àwọn èròjà ọbẹ̀ ìlú yẹn. Òórùn kì í bá èèyàn jiyàn, ẹnu ọ̀nà ìrántí ló ń gbà wọlé tààrà.

Olùtọ́jú jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ohun tí sójà náà ń rí lòun náà ń rí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan wà. Ó lè sọ ọ̀sán di òru, ó lè fi eruku kún un, ó lè mú hẹlikọ́pítà kọjá lókè. Sójà náà ń sọ̀rọ̀: "A wà nínú ọkọ̀, èmi ni mò ń wà á. Ẹnìkejì mi wà lọ́tùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín." Olùtọ́jú bi í: "Mélòó ni?" Ó ní, "50." Kò fi nǹkan kún un. Wọ́n ń bá ọ̀nà lọ. "A dé abẹ́ afárá." "Mélòó?" "75." Ohùn rẹ̀ ti fúyẹ́, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Olùtọ́jú dúró. Ó ti lè mú bọ́ǹbù bú láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò ṣe é, nítorí ẹni tí ìpayà bò mọ́lẹ̀ pátápátá kì í kọ́ ẹ̀kọ́ kankan. "Mo ń rí àpò kan lẹ́bàá ọ̀nà." Ìgbà yìí ni ìró dún. "90!" Wọ́n dúró síbẹ̀. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, wọ́n tún un wà. Wọ́n tún un wà. Nígbà kẹrin, níbi tí ó ti sọ 90, ó sọ 60. Kò sá, kò sì kú.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bọ́ awò, ìdí tí mo fi mú yín wọ yàrá yìí gan-an sì nìyẹn. Òógùn ti rin etí rẹ̀. Wọ́n fún un lómi. Wọ́n jókòó, iná yàrá wà ní títàn, olùtọ́jú sì bi í pé kí ló rí lónìí tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Eruku pọ̀." Eruku báwo? "Eruku pọ̀ níbẹ̀. Mi ò lè tètè rí àpò yẹn. Kò sẹ́ni tó lè tètè rí i." Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ wá, ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ló pa ẹnìkejì òun, nítorí pé ó yẹ kí òun ti rí i. Kọ̀ǹpútà kò sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Olùtọ́jú náà kò sọ ọ́. Òun ló padà lọ síbẹ̀ tó lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Nínú ìwádìí kan tí Rizzo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí èèyàn 20 tó parí ìtọ́jú yìí, 16 nínú wọn kò ní àmì tó tó láti pè ní PTSD mọ́. Irú nọ́ńbà báyìí ló ń mú kí àwọn oníròyìn máa kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ti wo àìsàn ogun sàn, ọ̀rọ̀ yìí sì ń ká mi lára. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Lọ́dún 2016, Greg Reger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí sójà 162 tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n pín wọn bí ẹni ṣẹ́ gègé: àwọn kan lo awò, àwọn kan di ojú wọ́n sì sọ ìtàn wọn gẹ́gẹ́ bí Foa ṣe là á sílẹ̀, àwọn kan ń dúró de ìtọ́jú. Ìjókòó 10 ni. Ara àwọn tí wọ́n tọ́jú yá ju ti àwọn tó ń dúró lọ, yálà wọ́n lo awò tàbí wọn kò lò ó. Ṣùgbọ́n awò kò borí dídi ojú. Kódà lẹ́yìn oṣù 3 àti oṣù 6, àwọn tó di ojú ni ara wọn yá jù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, inú mi kò dùn. Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ náà. Mo wá rò ó títí, mo sì rí i pé ohun tó yẹ ká mọ̀ ni ìwádìí yẹn sọ fún wa: nínú ìtọ́jú yìí, pípadà síbẹ̀ ló ń woni sàn. Awò jẹ́ ọkọ̀ tó ń gbéni débẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ lè gbé débẹ̀ kò nílò ọkọ̀, ọkọ̀ tiẹ̀ lè gbé e gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí afárá tí kọ̀ǹpútà yà kì í ṣe afárá tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn ni ọkọ̀ wà fún. Ìwádìí mìíràn tí Difede àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2022 lórí èèyàn 192 tọ́ka sí ibi tí mo ń lọ yìí. Lápapọ̀, ọ̀nà méjèèjì ṣe déédéé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn wà lára wọn pẹ̀lú PTSD jàǹfààní awò jù, àwọn tí kò ní ìbànújẹ́ ọkàn jàǹfààní dídi ojú jù. Ó yé mi. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá ti sọ inú rẹ̀ di òfìfo, bí o bá ní kó fi ojú inú ya àwòrán, níbo ni yóò ti rí ọ̀dà?

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn amárarọlẹ̀. Rothbaum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lọ́dún 2014 lórí èèyàn 156 tó ti jagun Ìráàkì àti Afghanistan. Kí wọ́n tó gbé awò wọ̀, àwọn kan lo alprazolam, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, àwọn kan lo oògùn òfìfo. Àwọn tí ara wọn balẹ̀ nípasẹ̀ oògùn ni wọn kò jàǹfààní tó àwọn yòókù. Ara tí oògùn ti rọ̀ kò kọ́ ẹ̀kọ́ pé òun lè rọlẹ̀ fúnra òun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ mi ju oògùn rẹ̀ nù. Dókítà rẹ ni kí o bá sọ ọ́, torí jíjá irú oògùn bẹ́ẹ̀ lójijì léwu.

Àwọn kan ti bi mí nípa àwọn obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ṣé wọ́n á tún fi ìyẹn hàn wọ́n nínú awò ni? Rárá o. Nígbà tí Rizzo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ti àwọn ológun tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n pinnu pé wọn kò ní ya ìwà náà fúnra rẹ̀ láé. Ibi tó yí i ká ni wọ́n yà: yàrá ibùsùn bárékè, ilé ọtí, ibùdó ológun. Ẹni náà ló ń sọ ìyókù, bó ṣe fẹ́ àti nígbà tó fẹ́. Mo gba ìyẹn tọwọ́-tẹsẹ̀.

Kò sì pọn dandan kí ayé tí kọ̀ǹpútà yà jọ ibi ìṣẹ̀lẹ̀. Cristina Botella àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sípéènì kọ́ ibi kan tí kò jọ ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ẹnikẹ́ni: ó lè di aṣálẹ̀, ó lè di etíkun, ó lè di igbó dúdú tàbí ibi tí yìnyín bò, gẹ́gẹ́ bí ọkàn ẹni náà bá ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ní Netherlands, Eric Vermetten àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà tó tún yàtọ̀, òun ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹni náà kì í jókòó, ń ṣe ló ń rìn lórí ẹ̀rọ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń sún. Òun fúnra rẹ̀ ló yan àwòrán láti ilé: àwòrán ọkọ̀ kan, ti ọ̀nà kan, ti ọ̀rẹ́ tó kú. Orin tó ń gbọ́ nígbà yẹn lọ́hùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá àwòrán náà títí yóò fi kún ojú rẹ̀, olùtọ́jú sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ń sá fún nǹkan fún ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń rìn lọ bá a. Ìtọ́jú yìí wà fún àwọn sójà àtijọ́ tí àwọn ìtọ́jú mìíràn kò ràn lọ́wọ́.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ṣáájú kí n tó gun orí pèpéle yìí ni mo fẹ́ fi parí. Ẹnìkan ní awò VR ti wà lórí igbá báyìí, àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Kí ló dé tí èèyàn kò lè rà á, kó wa ètò ogun tàbí ti ìjàǹbá ọkọ̀ sínú rẹ̀, kó máa tọ́jú ara rẹ̀ nílé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ padà sínú yàrá tí mo mú yín wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọkùnrin yẹn sọ pé 75, ta ni ó mú bọ́ǹbù dúró? Nígbà tó sọ pé 90, tí ìbá bọ́ awò kó sì gbé ẹ̀rù náà lọ sílé ní gbígbóná, ta ni ó bá a dúró síbẹ̀? Àwọn kan wà tí ọkàn wọn máa ń ṣí kúrò lára wọn bí ìpayà bá pọ̀, wọn kì í mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Àwọn kan ní wárápá. Àwọn kan ṣì ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń lù wọ́n, ẹ̀rù tiwọn kì í ṣe ti àná, ti òní ni, ibi ààbò ni wọ́n kọ́kọ́ nílò. Olùtọ́jú tó dára á ti béèrè gbogbo èyí kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Bí o bá lọ síbi tí wọ́n ti ń fi awò ṣe ìtọ́jú, béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni yóò jókòó tì mí, kí ló kọ́ nípa ìtọ́jú PTSD, mélòó ni ìjókòó tí kò ní ní awò nínú, kí ni a máa ṣe lẹ́yìn tí mo bá bọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n rí sọ fún ọ, dìde, kí o máa lọ.

Lọ́jọ́ tí mo rìn lórí pákó yẹn, mo dé ìparí rẹ̀. Ohun tó sún mi dé ibẹ̀ ni pé ẹni tó wà lápá òsì mi ń sọ̀rọ̀. Kò tì mí, kò sì fà mí. Ó kàn ń sọ fún mi, nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá dúró, pé òun ṣì wà níbẹ̀.